Katapílà Kì í Ṣe Ọkọ́: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Àtúnṣe Ilé Kòkó Bàbá Mi

Ní ìpàdé wa tó kọjá, akọ̀wé ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé wa, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń tọrọ owó yíyá láti fi tún ilé kòkó àwọn bàbá wọn ṣe, wọ́n sì ń sọ pé katapílà ni àwọn máa fi ṣe é. Èmi ti ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ó ku díẹ̀ kí n fi ọwọ́ ara mi wó ilé náà. Ẹni tó bá ṣubú ló yẹ kó júwe ibi tó ń yọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti kọ ọ́.

ILÉ NÁÀ ÀTI OHUN TÓ Ń ṢE É

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní apá Ìjẹ̀ṣà, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ẹ mọ irú ilé tí mò ń wí. Ilé gígùn ni, ògiri amọ̀ tó nípọn, páànù lórí, ilẹ̀kùn ńlá méjì tó kọjú sí pópó, àgbàlá tí wọ́n ń sá kòkó sí lẹ́yìn. Nígbà tí Bọ́ọ̀dù Kòkó ṣì wà, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣófo. Lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé Bọ́ọ̀dù Kòkó ní 1986, púpọ̀ nínú wọn di ibùsùn ewúrẹ́. Ti bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀, àfi yàrá kan níwájú níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń ta gààrí.

Mo fẹ́ sọ ilé náà di ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Bíríkìlà àkọ́kọ́ tí mo pè wò ó, ó ní kí n wó ògiri ẹ̀yìn kí n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n. Mo dúpẹ́ pé mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ògiri amọ̀ kò ṣàdédé ṣàìsàn. Omi ló ń pa á.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá láti orí òkè. Láti ọdún gbọọrọ ni eérú, pàǹtí àti àlàpà ti ń gorí ara wọn lẹ́yìn ògiri náà, títí wọ́n fi ga ju orúnkún lọ. Gọ́tà tí àwọn àgbà gbẹ́ ti di sísin sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi orí páànù àti omi òkè máa ń dúró sí ẹsẹ̀ ògiri, wọn kò rí ọ̀nà lọ. Amọ̀ gbígbẹ lè ru òrùlé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n amọ̀ tó bá mu omi yó ti di ẹ̀kọ. Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé ẹnì kan ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ láti ìta. Omi ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó jáde, amọ̀ sì ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe tí kò bá kọ́kọ́ lé omi kúrò nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ ló ṣáájú iṣẹ́ ògiri.

ṢÉ ỌKỌ́ KÒ TÓ NI?

Ìbéèrè tí Ìyá Àgbà bi mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Kòtò omi tí a nílò gùn tó mítà 40, ó fẹ̀ ní mítà 1, ó sì jìn ní mítà 1.2. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó di kúbíìkì mítà 48. Ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ kì í jókòó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó máa ń wú. Bí a bá fi ìdá mẹ́rin kan lé e, ó di 60. Típà tó ń gba kúbíìkì mítà 10 yóò lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kúbíìkì mítà kan ilẹ̀ kì í sábà wúwo tó dín sí tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, nítorí náà ẹrù tí à ń sọ yìí lé ní 70 tọ́ọ̀nù. Mi ò tíì ka òkìtì tó wà lẹ́yìn ògiri mọ́ ọn o. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin, àwọn ọ̀dọ́ tó lè gbé dígà ti lọ gun ọ̀kadà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n háyà ẹ̀rọ.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ là ń pè ní katapílà, àmọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni. Ní 1904, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Holt, ní ìlú Stockton ní Kalifóníà, yọ táyà ẹ̀yìn katakata rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n gbọọrọ sí i kó má bàa máa rì sínú ilẹ̀ oko tó rọ̀. Bó ṣe ń rìn jọ bí kòkòrò onírun ṣe ń wọ́ lórí ewé, orúkọ kòkòrò náà ní èdè òyìnbó ló sì di orúkọ ẹ̀rọ. Ní 1925, ilé iṣẹ́ Holt dara pọ̀ mọ́ ti Best, wọ́n di Caterpillar.

Èyí tí mo háyà kò ní ẹ̀wọ̀n, táyà ló ní. Ọ̀kọ̀ fífẹ̀ wà níwájú rẹ̀ fún kíkó ilẹ̀, ọwọ́ gígùn sì wà lẹ́yìn fún gbígbẹ́ kòtò. Joseph Cyril Bamford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú rẹ̀ jáde láti 1953, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni JCB tí ẹ máa ń rí lára wọn.

Agbára ẹ̀rọ náà wà nínú òróró. Ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti òróró gba inú rọ́bà líle lọ sínú páìpù irin tí ọ̀pá wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń gún èèyàn, bó ṣe ń ti ìdí rẹ̀ ni omi ń sá. Bí a bá so abẹ́rẹ́ kékeré pọ̀ mọ́ ńlá, tí a wá ti kékeré, ńlá yóò sún díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti ọwọ́ wa lọ. Gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà. Bí ọkọ́ bá kan òkúta, ọwọ́ yóò gbọ́. Bó bá kan páìpù omi, ọwọ́ yóò gbọ́. Ọkọ́ máa ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀. Irin tí à ń dì mú nínú katapílà kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ya ìyẹ̀pẹ̀ náà ni yóò ṣe ya wáyà iná tàbí ìpìlẹ̀ ilé, lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á, bákan náà ló rí.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀ SÍ Í KỌ́ Ọ

Bàbá tó wa ẹ̀rọ náà wá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́. Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, nǹkan yìí kì í bínú, kì í sì í ṣàánú." Ẹni tó ni ẹ̀rọ gbà, ó fi àdéhùn kan sí i: mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án tí Bàbá kò bá dúró tì mí. Ẹ fi ọkàn sí àdéhùn yìí.

Lọ́jọ́ kìíní, kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Yíyí ẹ̀rọ ká la fi gbogbo àárọ̀ ṣe. A wo ọ́ìlì, a wo omi, a wo táyà, a fi gírísì sí gbogbo oríkèé, a yẹ rọ́bà òróró wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kì mí nílọ̀ pé bí òróró bá ń jò, n ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wá ojú ihò náà, páálí ni kí n fi wá a. Òróró tó ń tú jáde láti ojú ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lè wọ inú ẹran ara lọ. Ojú ibẹ̀ lè má ju bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹni, kó má tilẹ̀ dun èèyàn, ṣùgbọ́n ọsibítù ni kí onítọ̀hún sáré lọ lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó lè sọ apá nù.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sí pápá òfìfo. Ohun mẹ́rin ni ọwọ́ ẹ̀yìn katapílà ń ṣe: apá ńlá ń lọ sókè sódò, apá kékeré ń nà ó sì ń ká, bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣí ó sì ń dì, gbogbo rẹ̀ sì ń yí sí ọ̀tún àti òsì. Lórí èyí tí mo kọ́, ọ̀pá irin méjì ló ń darí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló bá ara wọn mu. Nínú àwọn kan, ọ̀pá òsì ló ń gbé apá ńlá, nínú àwọn mìíràn, ọ̀pá ọ̀tún ni. Ẹni tó mọ ọ̀kan tó wá gun òmíràn láìbéèrè, ibi tó fẹ́ gbé sókè ni yóò rì mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gàn ni hẹ̀, ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Mò ń fa ọ̀pá kan, mò ń fi ìkejì sílẹ̀, ẹ̀rọ ń ta wọ́nwọ́n bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Àwọn ọmọdé dúró wò mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyẹ̀pẹ̀ kan náà ni mo bù, tí mo dà, tí mo tún bù, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá gbé táyà àlòkù kan kalẹ̀, ó ní kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lórí láìtẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí ní ìdajì ọjọ́. Ìgbà tí mo rí i ṣe, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

ỌJỌ́ KẸRIN

Okùn tí a ta fún kòtò jìnnà sí ògiri ní mítà 3. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí a fi dé igun kan tí gbòǹgbò máńgòrò dí ọ̀nà. Bàbá ní ká dúró, òun fẹ́ jẹun, bí òun bá dé a ó jọ wò ó. Ó sì yọ́ sísàlẹ̀ lọ.

Kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹ̀rọ. Mò ń ka wákàtí, torí wákàtí là ń san owó lé. Mo ní kí n yà fún gbòǹgbò náà díẹ̀, kí n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Mo gun orí ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ibi tí mo gbẹ́ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí ògiri, mo sì ń lọ jinlẹ̀ ju ẹsẹ̀ ògiri fúnra rẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Mo gbójú sókè, mo rí i tí ojú sísán kan bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ fèrèsé, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Bàbá ti ń sáré bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé Ìyá Àgbà wà níwájú pẹ̀lú àwọn oníbàárà méjì. A sáré lọ kó wọn jáde. Àwọn oníbàárà jáde, Ìyá Àgbà kọ̀, ó ní òun kò fi gààrí òun sílẹ̀. Àfìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kó tó dìde. Nígbà tó rí ògiri náà, kò pariwo. Ó ní, "Ọkọ́ ni bàbá rẹ fi kọ́ ilé yìí, àwa obìnrin la fi orí ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ni ìwọ fẹ́ fi wó o?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tó tún wá sí mi lọ́kàn ni àwọn onídùúró mi mẹ́ta tó fọwọ́ sí ìwé owó yíyá mi. Ọ̀kan ń ta èlùbọ́, méjì jẹ́ àgbẹ̀. Bí ògiri yẹn bá wó, owó tí wọ́n ti ń tọ́jú sọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ọdún pípẹ́ ni wọn ì bá fi san gbèsè ìwàǹwára mi.

OHUN TÓ FÀ Á, ÀTI BÍ A ṢE ṢÀTÚNṢE

Bàbá fi igi ya á sílẹ̀ fún mi. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ògiri kò dá ògiri ró fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń dì í mú kó má sá. Bí a bá gbẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kúrò, ti abẹ́ yóò yà bọ́ sínú kòtò. Ìlànà tó kọ́ mi rọrùn: iye tí kòtò bá fi jìn ju ẹsẹ̀ ògiri lọ, ó kéré tán, iye yẹn ni kó fi jìnnà sí ògiri. Ẹsẹ̀ ògiri tiwa wọlẹ̀ ní ìdajì mítà. Kòtò mítà 1.2 fi sẹ́ńtímítà 70 jìn jù ú lọ. Ní mítà 3, kò sí ewu. Ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ewu dé. Bí ilẹ̀ bá tutù tàbí tó rọ̀, kí ẹ tún sún sẹ́yìn sí i.

Lójú ẹsẹ̀ la ti dá ìyẹ̀pẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Káfíńtà fi igi gbọọrọ ti ògiri ní ìdagẹ̀rẹ́, ó fi pákó sábẹ́ wọn kí wọ́n má bàa rì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ la fi ṣe ìpìlẹ̀ ibi tó bàjẹ́. A ń gbẹ́ mítà kan, a ń fi yangí àti amọ̀ dí i pa, a óò fi àlàfo sílẹ̀ kí a tó gbẹ́ òmíràn, ká má bàa ṣí gbogbo ẹsẹ̀ ògiri lẹ́ẹ̀kan. Bíríkìlà tuntun fi pẹ́ńsù fa ìlà kọjá lórí sísán náà, ó kọ déètì sí i. Oṣù kan kọjá, ìlà náà kò yà. Ìgbà yẹn la tó ṣí sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò, tí a fi amọ̀ dí sísán náà, tí a sì fi amọ̀ rẹ́ ògiri. A kò fi sìmẹ́ńtì kàn án mọ́.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ ṢE É, KÓ RÁNTÍ ÌWỌ̀NYÍ

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ilé. Bó bá jẹ́ omi ni, ẹ má ná owó sórí ògiri kí ẹ tó tún ọ̀nà omi ṣe.

2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò ibi tí páìpù omi, wáyà àti ṣáláńgá àtijọ́ wà, kí ẹ fi èèkàn sàmì sí wọn. Ẹ wòkè pẹ̀lú, ọwọ́ katapílà lè kan wáyà iná tó wà lókè.

3. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi gbẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjò bá kòtò ní ṣíṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri amọ̀.

4. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú kòtò tó jìn láìsí igi tó fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá wó léni láyà wúwo, kì í jẹ́ kí èèyàn mí.

5. Kí a na ẹsẹ̀ méjèèjì tí ẹ̀rọ fi ń dúró kí a tó gbẹ́lẹ̀, kí a fi pákó sábẹ́ wọn bí ilẹ̀ bá rọ̀. Kí wọ́n má sún mọ́ etí kòtò.

6. Kí ẹni tó ń wà á de bẹ́líìtì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ dojú dé, kó má bẹ́ o. Orí ẹni tó bá bẹ́ ni ẹ̀rọ sábà máa ń já lé.

7. Kí a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì yọ kọ́kọ́rọ́ dání kí a tó kúrò níbẹ̀. Ká ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá tí ní ìtàn láti sọ.

8. Mítà tó bá sún mọ́ ògiri, ọkọ́ àti dígà ló ni ín.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ná. Kí ẹ tó háyà ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà nínú ìwé. Ẹ kọ ìgbà tí wákàtí bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bóyá láti ọgbà wọn ni tàbí ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ ẹni tí yóò ra dísù, ẹni tí yóò san án bí rọ́bà bá bẹ́, àti ohun tí ẹ ó san lọ́jọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kí iṣẹ́ ṣe. Aago kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́. Kí ẹ̀yin àti awakọ̀ jọ kọ iye tó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i.

Ìrìn àjò ẹ̀rọ máa ń jẹ owó púpọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ní iṣẹ́ ní ìlú kan náà, kí wọ́n jọ háyà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí wọ́n pín owó ìrìn rẹ̀. Ṣebí ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn? Ẹ má sì fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ dọ́gbọ́n dín owó awakọ̀ kù. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi kọ́ ọ kò sọ mí di awakọ̀. Ohun tó kọ́ mi ni bí n ṣe lè mọ awakọ̀ tó mọ iṣẹ́, bí n ṣe lè ní kó dúró nígbà tó yẹ, àti bí n ṣe lè sọ ohun tí mo fẹ́ fún un ní èdè tí yóò yé e.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún rọ̀ lóru ọjọ́ Àìkú kan. N kò sùn. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn ilé, mo bá Ìyá Àgbà níbẹ̀ pẹ̀lú agbòjò rẹ̀, òun náà ti jí wá wò ó. Omi ń ti òkè bọ̀, ó ya sínú kòtò, ó gba ibẹ̀ lọ sí odò. Ẹsẹ̀ ògiri gbẹ. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó dáa. Lọ sùn."

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ti ní ayálégbé. Ìkẹrin, Ìyá Àgbà ló ni ín, kò san kọ́bọ̀. Mò ń san owó ẹgbẹ́ bó ṣe yẹ, àwọn onídùúró mi sì ń sùn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ náà, kó yà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ ọjà, sísán náà ṣì wà lábẹ́ amọ̀ níbẹ̀, n ó fi hàn án. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ìkánjú ba iṣẹ́ àwọn bàbá wa jẹ́ o.